Ohùn Bàbá Mi Lẹ́nu Ẹja Ọ̀bọ̀kún

Ilé Bàbá Bámilóyè,
Ẹ̀yìn Ààrò Ẹja, Etí Omi,
Bàríga, Èkó.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Bàríga títí dé etí òkun. Ṣé ara yín le? Ṣé ojú ọgbẹ́ ọrùn yín ti jinná dáadáa, ṣé afẹ́fẹ́ òkun kì í sì í gbé iyanrìn wọ inú ihò tí ẹ fi ń mí? Kí Ọlọ́run tó ń sọ fún ìgbì pé kó dákẹ́, tí ìgbì sì ń dákẹ́, máa bá wa ṣọ́ yín. Àwa náà wà láàyè níbí. Màmá wà. Olúwafimíhàn àbúrò mi wà, eyín iwájú rẹ̀ ti jábọ́, tó bá pe orúkọ ara rẹ̀ báyìí, fèrè ló máa ń fọn.

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi, ẹ mọ̀ pé èmi àti ìwé ò bá ara wa rìn jìnnà. Ká ní mo pè yín lórí fóònù ni, èmi nìkan ni màá máa sọ̀rọ̀, ẹ̀yin á máa mí, káàdì á sì tán kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè kà á bí ẹ ṣe ń ka Bíbélì yín, pẹ̀lú ìka lábẹ́ ọ̀rọ̀, kí ẹ sì lè padà sí ibi tó bá wù yín. Bọ̀ọ̀dá Kàsúmù tó ń fi mọ́tò kó ẹja láti Igbókòdá ló máa mú un wá. Mo ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má fi di ẹja.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Ìyá Hadassah, ẹ̀gbọ́n yín obìnrin tí ẹ ń gbé lọ́dọ̀ wọn, pe Màmá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì, ẹ̀yin àti àwọn èèyàn jọ ń wo tẹlifíṣọ̀n, ni ẹja kan bá la ẹnu nínú kátúùnù, ohùn yín ló jáde, odindi, bó ṣe wà kí dókítà tó gé àpótí ohùn kúrò lọ́rùn yín. Wọ́n ní ẹ dìde, ẹ jáde, ẹ ò wẹ̀yìn. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà, ẹ kì í jókòó síbi tí tẹlifíṣọ̀n bá wà mọ́. Màmá gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n wò mí. Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Bàbá mi, èmi ni ẹja yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá inú ló bí yín àbí ẹkún ló fẹ́ bọ́. Ṣùgbọ́n ohùn yín ni, mi ò sì fẹ́ máa lò ó bí ẹni jí aṣọ gbé lórí okùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe dé ẹnu ẹja, kí n sọ gbogbo ohun tí a fi pamọ́ sínú kátúùnù náà, kí ẹ̀yin wá sọ bóyá kí n máa bá a lọ tàbí kí n pa ẹnu dé.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, èmi ni mò ń gbé ẹja yíyan Màmá kiri Pedro dé Ṣómólú. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé máa ń rà á gan-an. Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé kan wà ní Pedro, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́ tó mu àgúnmu. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ò sí ńlé, àwọn òṣìṣẹ́ na ẹsẹ̀ sórí bébà, wọ́n ní kí n dúró kí àwọn sinmi ná kí àwọn tó ra ẹja. Mo lọ sí ìdí àtẹ̀gùn, mo ki ohùn ọ̀gá bọlẹ̀: "Ta ló pa mẹ́ṣìn yẹn? Ṣé ilé ìyá yín lẹ wà ni?" Bàbá mi, ẹ̀yin ì bá rí eré! Ọ̀kan tan mẹ́ṣìn, ọ̀kan gbálẹ̀, ọ̀kan ń gbé bébà láti ọ̀tún lọ sí òsì, ó tún ń gbé e padà. Àfi bí obìnrin kan ṣe yọ orí lójú fèrèsé òkè, tó ń rẹ́rìn-ín títí gèlè fi jábọ́ lórí rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá tó gbé ẹja lérí, gòkè wá!"

Bí mo ṣe mọ Àǹtí Gbémisọ́lá nìyẹn. Àwọn ló ń ṣe kátúùnù tí wọ́n ń pè ní *Abẹ́ Afárá*, tí ìkànnì kan ń gbé jáde nírọ̀lẹ́ Sátidé. Àwọn ẹja àti akàn tó ń gbé lábẹ́ afárá gígùn, tí wọ́n ń bá ara wọn jà bíi tiwa lórí omi ẹ̀rọ àti owó ilé, ni ìtàn rẹ̀ dá lé. Àwọn méjì péré ló ń ṣe é: Àǹtí tó ń kọ ọ̀rọ̀, àti Bọ̀ọ̀dá Sùrájù tó ń yàwòrán, ẹni tó jẹ́ pé kádì ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà òkú ló ń yà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́ àpótí aṣọ ńlá kan tí wọ́n tẹ́ fóòmù bẹ́ẹ̀dì sí nínú. Tí mo bá wọlé, wọ́n á tì í, òógùn á sì bò mí bí ẹja tó wà lórí wáyà.

Akàn lándíọ̀ọ̀dù ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Mo fún un ní ohùn Bàbá Bámilóyè, lándíọ̀ọ̀dù wa fúnra wọn, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe máa ń sọ "nínú òfin ilé yìí" kí wọ́n tó mí. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí wọ́n wá wò ó ní pálọ̀ wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Wọ́n ní, "Akàn yìí burú! Mo mọ lándíọ̀ọ̀dù kan ní Ọbaníkòró tó rí báyìí gẹ́lẹ́." Màmá sáré wọ ẹ̀yìnkùlé lọ bí ẹni pé nǹkan ń jóná lórí ààrò.

Àǹtí wá ní àwọn ń wá ohùn fún Bàbá Ọ̀bọ̀kún. Ẹja ni, ṣùgbọ́n ó ní ọkọ̀ ojú omi tó fi ń gbé àwọn ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá, torí kò fẹ́ kí omi kan òun. Àwọn òṣèré àgbà wá dán an wò, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ bí ọba inú fíìmù. Àǹtí yíjú sí mi. "Peculiar, ṣé o ò ní bàbá kankan lọ́fun ni?" Mo ní i. Àtìgbà tí ẹ ti lọ ni mi ò tíì ṣí ibẹ̀ rí, ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá ṣí i, á gbó. Mo wọ inú àpótí aṣọ lọ, mo dijú, mo pe ìpè tí ẹ máa ń pè tí ọkọ̀ yín bá ti yọ lójú omi: "Ẹ gbé báàfù bọ̀ o! Ẹni tó bá ń sùn, ẹja rẹ̀ ti jí!" Mo ṣílẹ̀kùn. Àǹtí kàn ń fa etí gèlè wọn.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń wò ó ò mọ̀, Bàbá. Kì í ṣe àwòrán ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Ohùn ló ń ṣíwájú. Bí mo bá ti ń sọ̀rọ̀, Bọ̀ọ̀dá Sùrájù á máa fi fóònù ya ẹnu mi, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ya ẹnu ẹja tẹ̀lé e. Èmi ò mọ̀ pé tí mo bá ń ṣe ohùn yín, ojú mi náà máa ń di tiyín. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán Bàbá Ọ̀bọ̀kún hàn mí, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sí òsì, irunmú rẹ̀ ń gbéra sókè kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ó sì ń di ojú kan bí ẹni tí oòrùn orí omi ń wọ̀ lójú. Bọ̀ọ̀dá Sùrájù ò rí yín rí láyé wọn. Ojú mi ni wọ́n ti yà yín. Mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ lọ tọ̀, mo sì lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń tọ́jú yín síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá tún gbà láti wò ó, ẹ má wo ara ọkọ̀ Bàbá Ọ̀bọ̀kún, ẹ wo òjìji rẹ̀ nínú omi. Orúkọ ọkọ̀ yín, FARABALẸ̀, wà níbẹ̀, wọ́n yí i lórí kodò. Àwọn ọmọ àdúgbò ti mọ̀, gbogbo wọn máa ń fi orí wolẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n láti kà á. Ife tánganran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀, ife yín ni, ibi tó ti bó létí ni mo júwe fún Bọ̀ọ̀dá Sùrájù. "Hẹ́ẹ̀n-hẹn" tó máa ń ṣe kó tó bá èèyàn wí, ẹ mọ ẹni tó ni ín. Ìró òjò inú kátúùnù náà, ẹ̀wà gbígbẹ ni, orí ìdérí ìkòkò la ń dà á sí. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn kì í sì í ṣe ẹ́ńjìnnì o, mẹ́ṣìn ìtẹ̀wé ìsàlẹ̀ ni. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa á, wọ́n ní ìwé ètò ìsìnkú àwọn ò lè dúró. Àǹtí ní, "Ó dáa, kó di ọkọ̀."

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tí Bàbá Ọ̀bọ̀kún kọ́kọ́ jáde. Ìyá Sabina tan tẹlifíṣọ̀n wọn létí omi, àwọn obìnrin sì wà nídìí ààrò, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n ń yí ẹja. Ni ìpè yín bá dún. "Ẹ gbé báàfù bọ̀ o!" Bàbá mi, wọ́n gbé e! Ẹ rántí pé gbogbo wọn ló gbààwẹ̀ fún ohùn yín nígbà tí ẹ wà lọ́sibítù, Wòlíì Ọlápọ̀sí sì ti ríran pé a ó tún gbọ́ ohùn yín létí omi. Wọ́n sáré dé bèbè, wọn ò rí ọkọ̀. Wọ́n ní á jẹ́ pé ẹ ti wọlé lọ. Wọ́n bu ẹja sínú báàfù, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n sì kọrin dé ẹnu ọ̀nà wa.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹni tí Ọlọ́run bá wò sàn, wọn kì í wọlé tọ̀ ọ́ títí wọ́n á fi pe orúkọ rẹ̀ láti ìta, tí òun fúnra rẹ̀ á sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn pé, "Mo wà láàyè." Màmá wà ní ẹ̀yìnkùlé. Èmi nìkan ni mo wà ní yàrá. Mo gbọ́ Ìyá Sabina: "Fọlọ́runṣọ́ Ikúmápàyí!" Ẹnu mi ti mọ èsì kí orí mi tó mọ̀ ọ́n. Mo dáhùn. "Mo wà láàyè!" Ìta hó yèè. Kí n tó mọ ohun tí mo ṣe, Màmá ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé. Wọ́n ti fi etí ìró nu èédú ojú wọn, wọ́n sì ń tún gèlè wé. Wọ́n wo orí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n wá wò mí. Mo ní, "Màmá, èmi ni." Ọwọ́ wọn ṣì wà lórí gèlè, wọn ò lè sọ ọ́ kalẹ̀. Mo ti ń fi ohùn dẹ́rù ba èèyàn láti kékeré, mi ò rí ẹni tí ohùn mi ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Mo jáde sí àwọn ará ìta, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni, pé kátúùnù ni. Ìyá Sabina ní, "Peculiar! Ọlọ́run ò ní pa ẹ́ lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n èmi lè bá a pa á!" Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń sunkún, ìyá kan tilẹ̀ ń ṣe méjèèjì. Wòlíì Ọlápọ̀sí ní níwọ̀n ìgbà tí àwọn ti gbọ́ ohùn náà, ìran ti ṣẹ, kí a kúkú ṣe ìdúpẹ́, ẹja sáà ti wà nílẹ̀. Ìgbà yẹn ni Màmá sọ̀rọ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ìdúpẹ́ kẹ̀, Wòlíì? Ẹni tá a fẹ́ tìtorí ẹ̀ dúpẹ́ ò sí nílé. Ẹ jẹ́ kó wọlé ná, ì báà má sọ nǹkan kan." Gbogbo ẹja yẹn ni Màmá dá padà. Ìdúpẹ́ ṣì wà nílẹ̀, ẹ̀yin la ń dúró dè.

Bàbá mi, mo mọ ohun tó lé yín lọ. A jọ wà níbẹ̀ ni. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ dìde fún àdúrà, ẹ la ẹnu láti pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe máa ń ṣe, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde láti ọrùn yín, Olúwafimíhàn sì bú sẹ́rìn-ín. Ojú yín yí padà. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ di ẹrù, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri ààrò pé ẹ ń lọ sinmi. Mo bi Olúwafimíhàn láìpẹ́ yìí ìdí tó fi rẹ́rìn-ín. Ó wò mí bí ẹni wo òpònú. Ó ní, "Ṣebí Bàbá ń sín afẹ́fẹ́ jẹ ni? Ó mọ̀ ọ́n ṣe jù ẹ́ lọ." Ẹ gbọ́ o! Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe ewúrẹ́ láàárọ̀, tó ń ṣe jẹnẹrétọ̀ lálẹ́, ó rò pé ẹ̀yin náà ti wọ ẹgbẹ́ wa ni. Ó rò pé eré ni ẹ ń bá òun ṣe. Àtìgbà tí ẹ sì ti lọ, ó ń bi wá ìgbà tí ẹ máa wá ṣe afẹ́fẹ́ yẹn fún òun.

Mo gbìyànjú láti bá a ṣe é. Mo fi ẹnu fẹ́ ìgò, mo fi rọ́bà onípáìpù sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn, mo mí bẹ́ẹ̀, mo mí báyìí. Táyà tó ń jò ló ń dún. Olúwafimíhàn ní, "Ìyẹn kọ́." Gbogbo ohùn tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ìbínú rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀, títí dé bí ẹ ṣe máa ń há nínú orin tó ga jù yín lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń mí báyìí, mi ò rí i ṣe. Ọ̀dọ̀ yín nìkan ló wà.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Àǹtí Gbémisọ́lá, pé ohùn yìí ní ẹni tó ni ín, mi ò sì tíì gba àṣẹ. Wọ́n ní ó dáa, Bàbá Ọ̀bọ̀kún ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí ẹ ó fi fèsì. Tí ẹ bá ní rárá, á wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ìrìn àjò, ẹnikẹ́ni ò sì ní gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n fẹ́ kí ohun tó ṣe yín ṣe Bàbá Ọ̀bọ̀kún náà nínú ìtàn, kí wọ́n gé ohùn rẹ̀, kó sì tún padà sídìí ọkọ̀. Àǹtí bi mí pé báwo ni ọ̀gá ọkọ̀ tí kò lóhùn ṣe ń pàṣẹ fún àwọn èrò. Mi ò mọ̀. Bọ̀ọ̀dá Sùrájù náà ò mọ̀. Wọ́n ní àfi kí ẹ wá jókòó síwájú àwọn ní Pedro, kí àwọn fi fóònù ya ọwọ́ yín, ojú yín, àti bí ẹ ṣe ń mí. Orúkọ yín á sì jáde ní ìparí, ẹ má sì bẹ̀rù, wọn ò ní yí i lórí kodò.

Ẹ má da ara yín láàmú pé ẹ fẹ́ kọ èsì. Ẹ kàn gba fóònù Ìyá Hadassah, ẹ tẹ nọ́ńbà mi. Tí mo bá ti gbé e, tí ẹ bá ní kí n pa ẹnu dé, ẹ gé e. Mi ò ní bínú, ẹ̀yin lẹ ni ohùn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má gé e. Ẹ kàn máa mí. Màá gbé e sétí Olúwafimíhàn.

Kí omi má ṣe le mọ́ yín, kí òkun tó ń jẹ ilẹ̀ níbẹ̀ má ṣe jẹ ẹ́ débi tí ẹ sùn sí. Kí Ọlọ́run tó fún Sakaráyà ní wàláà nígbà tó yadi má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín wọ́n láàárín wa. Ẹ bá mi kí Ìyá Hadassah àti gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin, aláriwo yín,
Peculiar Ikúmápàyí.

Mo tún fi èyí kún un: Mo ka lẹ́tà yìí sétí Màmá kí n tó dì í. Wọ́n ń ṣa egungun lára ẹja títí mo fi parí. Wọ́n wá ní kí n kọ èyí sí ìsàlẹ̀, kí n má sì tún un ṣe: "Sọ fún un pé nígbà tó ní ohùn, kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Kó máa bọ̀ wálé wá gbọ́ tèmi."